Látìnì ò ní dò-rè-mí, ṣùgbọ́n ó níbi tó ti wúwo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni mò ń darí akọrin ìjọ wa ní Sùúrùlérè. Mo ti kọ orin Yorùbá kan, mo fẹ́ sọ ọ́ di Gloria ti Látìnì, orin ìyìn tí wọ́n ń kọ ní Máàsì, fún akọrin àti orchestra. Ẹnì kan ní tí n bá sanwó òun á bá mi to ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ẹ̀, pé Látìnì ò ní dò-rè-mí, ibi tó bá wù wá la lè gbé e sí. Ṣé kí n fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀! Ó ti sú mi báwọn èèyàn ṣe ń fi irọ́ yìí gbowó lọ́wọ́ akọrin. Òótọ́ ni pé Látìnì ò ní ohùn tó ń yí ìtumọ̀ padà bí ọkọ́ ṣe yàtọ̀ sí ọkọ̀, àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó bá ju sílébù kan lọ ló níbi tẹ́nu ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ méjì, àkọ́kọ́ ni, DE-us. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ìkejì láti ẹ̀yìn, tó bá gùn ibẹ̀ náà ni, mi-se-RE-re, tó bá kúrú ẹ sún un sórí sílébù tó ṣáájú ẹ̀, GLO-ri-a, DO-mi-nus. Ẹni tó bá wá lọ gbé nóòtì tó gùn jù sórí “mi” nínú Dominus ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ létí ẹni tó gbọ́ ọ, bí wọ́n ṣe fi tune òyìnbó ba Yorùbá jẹ́ nínú ìwé orin wa látijọ́. Ekundayo Phillips tó jẹ́ organist ní Kàtídírà Marina láti 1914 dé 1962 kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní 1953, pé orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bá a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ń jà fún lórí Yorùbá náà ni mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe fún Látìnì, torí náà ẹ jẹ́ kí orin Yorùbá yín máa jẹ́ Yorùbá, kẹ́ ẹ kọ òmíì.

Ti orchestra, kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá fi kọ ọ́ á ní gbogbo ẹ̀ ń dún dáadáa, ẹ má gbà á gbọ́, trumpet á bo alto, ìyẹn àwọn obìnrin tóhùn wọn wà nísàlẹ̀, tó bá ń kọrin nísàlẹ̀. Clarinet B flat náà, ẹ kọ ọ́ sókè ní tone kan sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó dún.

Mi ò tíì rí score yín o, ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ nìkan ni mò ń dáhùn. Tó bá jẹ́ fún Máàsì ni, tí kì í ṣe fún kọ́nsáàtì ní Oníkàn, ẹ mú un lọ bá Fáda kẹ́ ẹ tó dá akọrin lẹ́kọ̀ọ́, torí wọn kì í gbà kéèyàn fi ọ̀rọ̀ míì rọ́pò ti Gloria.

Lálẹ́ òní, ẹ ka Gloria yẹn sókè, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ gbogbo sílébù tó wúwo, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan dùùrù.