Ṣé "ìdàrúdàpọ̀" bá chaos inú omi mu?

Ẹni kan béèrè pé: "Mo kà á pé àwọn èròjà tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú omi tó ń ṣàn máa ń rìn ní ìdàrúdàpọ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chaos. Ṣé ìdàrúdàpọ̀ tí a fi ń pe ìjà àti wàhálà náà ni, àbí olùtumọ̀ ló ṣìnà?"

Olùtumọ̀ kò ṣìnà o. Lójú tèmi, ìjà àti wàhálà ló yá ọ̀rọ̀ náà lò. Ẹ tú u wò: dàrú, dàpọ̀. Iṣẹ́ méjì ni, ti àkọ́kọ́ ló sì ń la ọ̀nà fún èkejì.

Ẹ kán tàdáwà díẹ̀ sínú gíláàsì omi. Bí omi náà bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò mì rárá, ó lè tó ọjọ́ kan sí méjì kí tàdáwà tó fúnra rẹ̀ ràn dé sẹ̀ǹtímítà kan péré, nítorí pé bí ọ̀nà bá fi ìlọ́po mẹ́wàá jìn sí i, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni àkókò rẹ̀ ń di. Ó yá, ẹ fi ṣíbí rú u. Tàdáwà á nà bí okùn, á tẹ́ẹ́rẹ́, á ká lé ara rẹ̀, á tún nà. Ká ní ó ń gùn ní ìlọ́po méjì nígbàkígbà tó bá ká: lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ti gùn ní ìlọ́po 1,024, ohun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sì ti di fọ́nrán tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ìtànkálẹ̀ tí ìbá gba odindi ọjọ́ kò ní gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan mọ́.

Ẹni tó bá wá pè é ní wúruwùru ló ṣì í pè, torí pé ó lófin. Hassan Aref, onímọ̀ nípa ìṣàn omi tí wọ́n bí ní Íjíbítì, fi èyí hàn ní 1984. Ó ṣírò ìṣàn kan tó ní ibi méjì tí omi ti ń yí bírí: bí ọ̀kan bá ń yí, èkejì á dákẹ́, wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí àkọsẹ̀bá kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, èérún méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn níbẹ̀rẹ̀ á pínyà, àlàfo àárín wọn á máa di ìlọ́po lórí ìlọ́po, títí a kò fi ní mọ̀ pé ojú kan náà ni wọ́n ti gbéra.

Èròjà tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ńkọ́? Etí fọ́nrán ni wọ́n ti ń pàdé. Bí fọ́nrán bá ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni etí ń pọ̀, tí iṣẹ́ náà sì ń yá. Lẹ́yìn erékùṣù tí omi ń ṣàn kọjá, àwọn èérún kan máa ń há sórí irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, fọ́nrán nínú fọ́nrán.

Ní 1961, G. E. Hutchinson, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí àti àyíká wọn, béèrè ìdí tí oríṣiríṣi plankton, àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní ojú omi, fi ń gbé pọ̀ lórí oúnjẹ díẹ̀, nígbà tó yẹ kí alágbára ti lé àwọn yòókù dànù. Ní 2000, György Károlyi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣírò hàn pé ìṣàn chaos lè jẹ́ ara ìdáhùn rẹ̀: etí fọ́nrán pọ̀ débi pé alágbára kò lè dá gbogbo rẹ̀ gbà, aláìlágbára náà á rí tirẹ̀ jẹ.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti tàsé díẹ̀. Èérún tó wúwo ju omi lọ, bíi yanrìn, kì í tẹ̀ lé omi délẹ̀délẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń yí, yanrìn á ta síta, á kó ara rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìhó afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ á sáré wọ àárín. Omi ti dàrú, ṣùgbọ́n wọn kò dàpọ̀.