Sílíńdà lódà tó ń jo ọ́ìlì: ẹ má tíì fowó tuntun ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds, ẹ kú àjò o. Mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Katakata Massey Ferguson yín tó ní lódà níwájú (apá irin tó gbé báákẹ̀tì), tó ń kó yanrìn ní Òwòròǹṣòkí, ti ń jo ọ́ìlì lára sílíńdà méjèèjì tó ń gbé apá rẹ̀ sókè, àbúrò yín sì ní kí ẹ fowó sílíńdà tuntun méjì ránṣẹ́. Ẹ ń bi wá bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́.

N kò lè sọ pé irọ́ ni nígbà tí n kò rí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń bójú tó irú ẹ̀ nínú ọgbà wa ní Kétu, ìwọ̀nba ni sílíńdà tó jò tí odindi rẹ̀ di ohun à ń sọ nù. Síìlì inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ. Síìlì tó ń dá ọ́ìlì dúró yìí ò sì ju òrùka rọ́bà àti ike bíi mélòó kan lọ, gbogbo rẹ̀ máa wọ àpò ṣòkòtò.

Ẹ ní kí àbúrò yín kọ́kọ́ fi àkísà nu ọrùn sílíńdà àti ọ̀pá dídán tó ń wọlé tó ń jáde mọ́ tónítóní, kí awakọ̀ wá gbé apá náà sókè sílẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí wọ́n máa ya fídíò rẹ̀ láti òkèèrè. Ibi tí ọ́ìlì bá ti kọ́kọ́ yọjú ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ọrùn, síìlì ọrùn ló ti jẹ. Bó bá jẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú sílíńdà rárá. Họ́ọ̀sì ni wọ́n máa pààrọ̀, tàbí ó-ríìngì (òrùka rọ́bà) ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ tí kò yẹ kó di ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì inú ẹ̀rọ yìí lè ní agbára tó ju 150 bar lọ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ò ju bíi 2 bar lọ. Bó bá tú jáde láti ojú ihò abẹ́rẹ́, ó máa gba awọ ara kọjá wọnú ẹran, ojú ọgbẹ́ á kàn dà bí ibi tí ẹ̀gún gún, kò tiẹ̀ ní dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, ní Ìgbóbì tàbí LUTH, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ló wọ inú ẹran, torí iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbà. Páálí ni wọ́n fi ń wá ibi tó ti ń jò, kì í ṣe ọwọ́.

Bí ìta bá gbẹ, àmọ́ tí apá lódà kì í dúró lókè, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí wọ́n gbé e dé ìwọ̀n orúnkún, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí ìlà náà bá ti wọlé, ó lè jẹ́ pé síìlì ara písítìnì, ìyẹn orí ọ̀pá tó wà nínú sílíńdà lọ́hùn-ún, ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá. Ṣùgbọ́n fáàfù tí awakọ̀ ń fọwọ́ fà náà lè fa irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Sílíńdà méjèèjì ló sì jọ ń gbé ẹrù kan ṣoṣo, nítorí náà bí ọ̀kan bá ń jò nínú, èkejì á bá a wálẹ̀ láìṣẹ̀. Kí wọ́n tú wọn lọ sí ibi tó ní páǹpù ìdánwò. Wọ́n á ti ọ́ìlì sí ojú kan, wọ́n á ṣí ojú kejì sílẹ̀. Bí písítìnì bá ti dé òpin tí ọ́ìlì ṣì ń tú jáde lójú kejì, síìlì ti lọ. Bí kò bá tú, ẹ lọ wo fáàfù. Mo mọ ẹnìkan tó ra sílíńdà méjì tán kó tó mọ̀ pé fáàfù ni.

Ohun tó kù ni èyí tí mo kà sí jù: ọ̀pá fúnra rẹ̀. Kí wọ́n gbé apá lódà sókè kí ọ̀pá lè yọ síta, kí wọ́n fi irin tó lágbára tì í nísàlẹ̀ kó má lè já wálẹ̀, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kí wọ́n fa ọwọ́ ìdarí síwá sẹ́yìn kí agbára inú họ́ọ̀sì lè tú, kí àbúrò yín wá fi èékánná rìn lára ọ̀pá náà látòkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, kó ya fọ́tò rẹ̀. Ìpele kúróòmù tínínrín ló wà lójú ọ̀pá yẹn, yanrìn ọ̀sà sì ní iyọ̀ nínú. Bí wọ́n bá gbé katakata kalẹ̀ lálẹ́ tí ọ̀pá ṣì nà síta, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò kéékèèké síbẹ̀. Ojú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ dà bíi páànù tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá: gbogbo ìgbà tó bá wọlé tó bá jáde ló ń rin síìlì. Ẹ fi síìlì tuntun sí i lónìí, kò pẹ́ tó fi máa tún jò, ẹ̀ẹ́ sì rò pé mẹkáníìkì ló ṣe yín.

Bí ihò náà bá jinlẹ̀, ẹ má gbà kí wọ́n fi sánpépà ha á, kúróòmù tó kù ni wọ́n á ha lọ. Wọ́n lè kùn ún ní kúróòmù tuntun kí wọ́n sì gé e padà sí ìwọ̀n rẹ̀, tàbí kí wọ́n ra ọ̀pá oníkúróòmù, kí àwọn tó ní ẹ̀rọ léètì, èyí tó ń yí irin bí wọ́n ṣe ń gé e, ní Muṣin gé e bá a mu. Bó bá wọ́, wọ́n á mọ̀ bí wọ́n bá yí i lórí irin tó tẹ́jú. Tòkunbọ̀ wà ní Owódé Onírin, àmọ́ èékánná yìí kan náà ni kí wọ́n gbé dání lọ.

Ní ti síìlì, ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn lẹ ti máa rà á dáadáa jù. Kì í wúwo, ẹni tó ń bọ̀ wálé lè fi sínú báàgì. Ẹ gba fọ́tò àwo nọ́ńbà tó wà lára lódà, kì í ṣe ti katakata nìkan, torí ilé iṣẹ́ mìíràn ló sábà máa ń ṣe lódà. Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́, kí wọ́n wọn ọ̀pá àti ojú ihò tí síìlì ń jókòó sí, kí wọ́n má wọn síìlì àtijọ́ tó ti wú. Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pá ínǹṣì 2 jẹ́ mílímítà 50.8. Ẹni tó bá ra síìlì 50 sí i torí pé “ó súnmọ́ ọn” ti fowó sòfò.

Ọdún méjì sẹ́yìn, a jẹ́ kí wọ́n tú tiwa sórí ilẹ̀ nínú ọgbà. Ọ̀gbẹ́ni tó tú u fi ṣísẹ́lì àti òòlù lu òrùka ọrùn, ó fi síkúrúdíráfà ti síìlì wọlé, atẹ́gùn sì ń fẹ́ yanrìn sí wa. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó tún fi jò. Ìgbà tí a tú u lẹ́ẹ̀kejì la rí i pé ó ti gé etí síìlì, ó sì tún ti dojú ọ̀kan kọ ìta. Etí síìlì tó ń dá ọ́ìlì dúró, inú ló ń kọjú sí. Ti èyí tó ń nu eruku ló ń kọjú síta.

Ọ́ìlì náà nkọ́? Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata, ọ́ìlì gíà kan náà ni háídírọ́líìkì (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì gbé apá lódà) ń lò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wà ní tòsí sí i. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà.

Kì í ṣe pé mo fura sí àbúrò yín o. Síbẹ̀, ẹ san owó tààrà sí àkáǹtì ilé iṣẹ́ tó bá tún un ṣe, kí wọ́n sì tọ́jú síìlì àtijọ́ fún àbúrò yín. Fọ́tò ọ̀pá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síbí, bó bá ti dé, a ó jọ wò ó.