Ìtumọ̀ "Iná kú, ó feérú bojú", àti iná tó kọ̀ tí kò kú

Arákùnrin kan bi mí láti Ọ̀fà: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìtumọ̀ 'Iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò'? Ọmọ mi tó wà ní SS2 ní irin kan wà tó ń jó nínú gáàsì tí wọ́n fi ń paná. Ṣé iná mìíràn kì í kú ni?"

Ẹ kú ìbéèrè. Ká ti orí òwe bẹ̀rẹ̀. Níbi òkú àgbà lẹ ti máa gbọ́ ọ jù nílẹ̀ Ìgbómìnà, tí wọ́n bá rí ọmọ olóògbé tó ń ṣètò àlejò káàkiri. Wọ́n ń sọ pé ẹni tó lọ fi nǹkan sílẹ̀. Àwọn kan ní ìtìjú ló mú iná bojú. Èmi ò gbà. Ẹ lọ sídìí ààrò láàárọ̀, ẹ fọ́n eérú funfun un nì, ẹ ó bá ẹ̀yinná nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pa òwe yìí níbi tí ọ̀dọ́ ti kú, tàbí lójú ẹni tí kò bímọ. Ẹ̀gún ni yóò dà létí wọn.

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Magnesium ni irin ọ̀hún. Mo wà ní girama l'Ómù-Àrán nígbà tí olùkọ́ wa kó carbon dioxide, gáàsì apaná tí ọmọ yín ń wí, tó tún ń hó nínú ẹlẹ́rìndòdò, sínú ìgò. Ó ti ìṣáná tó ń jó bọ̀ ọ́, ó kú fin-ín. Ó wá fi ẹ̀mú di magnesium tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú, ó ṣáná sí i, ó tì í bọ ìgò kan náà. Ó ti ní ká má tẹjú mọ́ ọn, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bíi mànàmáná. Iná ò kú! Ó ń ta ṣàrà-ṣàrà ni. Nígbà tó jó tán, ìyẹ̀fun funfun wà nínú ìgò, àwọn ẹ̀kán dúdú bíi ti ìdí ìkòkò sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Inú dúdú yẹn lọ̀rọ̀ wà. Bí igi bá ń jó, èédú inú rẹ̀ ń so mọ́ oxygen inú afẹ́fẹ́, ó ń di carbon dioxide. Iná igi ò lè gba oxygen yẹn padà mọ́. Magnesium lè gbà á: ó já a gbà lọ́wọ́ èédú, òun di eérú funfun, èédú wá ṣẹ́ kù lófìfo. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú kẹ́mísìrì nìyí: 2Mg (magnesium) + CO₂ (carbon dioxide) → 2MgO (eérú funfun) + C (èédú). Eérú funfun, àti èédú tó dà bí ọmọ inú òwe wa, ìgò kan ṣoṣo ló gba méjèèjì.

Irin alágbẹ̀dẹ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ní tiẹ̀, èédú gan-an ló ń já oxygen gbà lọ́wọ́ òkúta irin nínú iléru. Bí àwọn baba wa ṣe ń rí irin nìyẹn, kí wọ́n tó lọ ọ́ kó mú. (Ọ̀pọ̀ ló gbà pé "ìlọ irin" yẹn náà ló di Ìlọrin.)

Sodium àti potassium, irin méjì mìíràn, náà ń ṣe bíi magnesium. Ẹ kìlọ̀ fọ́mọ yín: bí irú wọn bá gbiná, omi á dá kún un ni, gáàsì apaná náà ò ní ràn án. Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n fi ń bò ó.