Ẹ Bi Wá: Owó Búrẹ́dì àti Ẹ̀rọ Àwọn Opó Tó Ń Yan Gàrí

Ìbéèrè: Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Ìwó. À ń tà tó 400 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń ran àwọn opó abúlé lọ́wọ́ ní kí n bá àwọn ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Mo fẹ́ ṣe é, mi ò sì fẹ́ kó mọ lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni mo ṣe lè gbé e kalẹ̀ tí owó náà ò fi ní ṣòfò? (Oníbúrẹ́dì, Ìwó)

Ìdáhùn: Ẹ kú inúure. Kí kọ́bọ̀ tó jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá orúkọ ẹgbẹ́ náà wà lákọsílẹ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ti ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè. Ẹ béèrè ìwé SCUML wọn pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀ka EFCC tó ń forúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san án sí ti alága, ẹ dá owó yín dúró.

Ẹ má ṣèlérí ìdá kan nínú èrè. Bí ìyẹ̀fun bá gbówó lórí, èrè lè pòórá, àwọn tó ti gbójú lé yín á sì wà lórí ìdúró. Iye kan lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ló dáa: náírà 10 lórí 400 jẹ́ ₦4,000 lójúmọ́, ₦24,000 lọ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tà á ni kẹ́ ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Owó tó bá bá owó ìyẹ̀fun sùn nínú àpótí kan náà, ìyẹ̀fun ló máa jẹ ẹ́. Ẹ jọ kọ àdéhùn: iye owó, ọjọ́ tẹ́ ẹ ó máa san án, ohun tí wọ́n á fi ṣe, àti oṣù mélòó ṣáájú tí ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ gbọ́dọ̀ sọ.

Ẹ̀rọ gan-an lọ́rọ̀ pọ̀ sí. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, páànù lásán tí wọ́n fi ìṣó lu níhò ni wọ́n wé mọ́ igi róbótó. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń jẹ irin: páànù á dípẹtà, ìpẹtà á wọnú gàrí. Bí eyín rẹ̀ bá ti kú, ẹ̀gẹ́ á máa jáde ní wóró-wóró, kò ní ṣeé fún dáadáa, púpọ̀ á sì ṣẹ́kù sínú kọ̀ǹkọ̀sọ̀. Ẹ san owó irin tí kì í dípẹtà. Bẹ́líìtì tí kò ní ìbòrí lè fa etí ìró wọlé, kó fa obìnrin náà mọ́ ọn. Kí wẹ́dà bò ó kẹ́ ẹ tó san owó ìkẹyìn. Ẹ fi jáàkì tí wọ́n á fi fún omi inú ẹ̀gẹ́ jáde kún ẹ̀rọ náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ rírin á kàn máa tò jọ nínú àpò, á kan ju bó ṣe yẹ. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò fún omi tó ń ṣàn jáde, kó jìnnà sí kànga àti odò. Májèlé wà nínú omi yẹn. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú.

Ohun tó ń pa irú ẹ̀rọ báyìí jù ni pé kò sẹ́ni tí àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò, púlọ́ọ̀gì á bàjẹ́, adìyẹ á máa sùn lórí ẹ̀rọ. Kí àwọn obìnrin náà máa san owó díẹ̀ lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan, kó kéré sí ohun tí ẹ̀rọ ìta ń gbà. Wọ́n á yọ owó epo, ìyókù á wọ àpótí àtúnṣe. Kí ẹni tó ń gbowó yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ́ obìnrin mẹ́ta, ó kéré tán, bí wọ́n ṣe ń tan án àti bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá gbé sí àgbàlá ẹnì kan, bó pẹ́ bó yá, á di tẹni náà. Kí ìwé sọ pé àwọn obìnrin ló ni ín, kí ìdílé tó yọ̀ǹda ilẹ̀ ebu sì fọwọ́ sí i.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ìrànlọ́wọ́ yìí sórí ọ̀rá búrẹ́dì, ẹ gbàṣẹ ẹgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ bó ṣe rí: náírà 10 lórí búrẹ́dì yìí. “Apá kan èrè wa” kò sọ nǹkan kan fún oníbàárà. Ẹ má fi àwòrán opó kankan sí i. Obìnrin tó ń retí ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín, ó ṣòro kó tó lè sọ pé òun ò fẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi búrẹ́dì tó ṣẹ́kù rọ́pò owó? (Ẹni kan náà)

Ìdáhùn: Rárá, bẹ́ ẹ bá ti ṣèlérí owó. Ẹ lè fún wọn lọ́tọ̀, bó bá jẹ́ ti ọjọ́ náà. Búrẹ́dì tẹ́ ẹ bá dì nígbà tó ṣì gbóná máa ń làágùn nínú ọ̀rá, á sì tètè bu. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é sí i lára.