Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú anime náà ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Jàpáànù?

Ẹnì kan bèèrè pé òun ti ń fi anime, ìyẹn fíìmù àwòrán àwọn ará Jàpáànù, kọ́ èdè Jàpáànù, ṣé tóun bá dé Tokyo òun lè máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ o, àmọ́ ẹ má tíì fi dá wọn lóhùn. Nínú anime, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni ló ń jẹ́ kí òǹwòran mọ irú ẹni tó jẹ́, bóyá bàbá arúgbó ni àbí jàǹdùkú àbí ọmọ olówó, ṣùgbọ́n nígboro, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó mọ èyí tẹ́ ẹ máa sọ.

Akọni inú anime á máa pe ara ẹ̀ ní ore, ìyẹn "èmi", á máa pe gbogbo èèyàn ní omae, ìyẹn "ìwọ", tínú bá wá bí i, "ìwọ" yẹn á di kisama. Ore ò burú láàárín àwọn ọkùnrin tó jọ ń ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ẹ má dán an wò lójú ọ̀gá ibi iṣẹ́. Kisama ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni láyé àtijọ́, èébú ló wá dà. Kódà anata tí ìwé ń kọ́ wa pé òun ni "ìwọ", wọn kì í sábà lò ó, orúkọ èèyàn ni wọ́n máa ń pè tí wọ́n á fi san sí i, Tanaka-san, tàbí kí wọ́n pe olùkọ́ àti dókítà ní sensei. Ẹni tó bá mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó ń sọ "o" sí àgbà nílé wa á ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti bàbá arúgbó. Washi ló máa ń pe ara ẹ̀, á sì fi ja parí ọ̀rọ̀ níbi táwọn tó kù ti ń sọ da, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbàlagbà Tokyo kì í sọ bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ èdè kan, Kinsui Satoshi, pe irú èdè yìí ní yakuwarigo, ìyẹn èdè ipa téèyàn ń kó nínú eré, ó sì kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 2003. Àlàyé ẹ̀ ni pé nígbà tí Edo, tó di Tokyo lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í ní èdè tiẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ló tètè mú un, àwọn àgbà àtàwọn ọ̀mọ̀wé ò fi èdè apá Kyoto àti Osaka sílẹ̀, làwọn eléré ìtàgé bá ń fìyẹn ṣe àgbà nínú eré, bó ṣe wọ ìwé ìtàn nìyẹn tó fi dé inú manga, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán wọn.

Nǹkan míì ni pé èèyàn gidi kì í sọ̀rọ̀ já geere bíi ti òṣèré. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀ fún yín, wọ́n lè kàn ní "chotto…", ìyẹn "díẹ̀…", kí wọ́n má parí ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ pé wọn ò fẹ́. Torí náà, ẹ máa fi anime la etí, àmọ́ tó bá di ká sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí, desu àti masu, tó ń fi ọ̀wọ̀ hàn, ni kẹ́ ẹ máa fi parí ọ̀rọ̀ yín.