Èsì: Ọmọ tí kò ríran, olùkọ́ tí kò mọ braille

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ ní ọmọ tí kò ríran ti wọ kíláàsì kẹta yín, olùkọ́ rẹ̀ kò sì mọ braille, ìyẹn ìkọ̀wé alámì tó yọ sókè, tí àwọn tí kò ríran máa ń fi ìka kà. Ẹ má tíì ra Perkins, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ braille, ó wọ́n jù. Síléètì braille (férémù oníhò tí a ń fi bébà sí láàárín), stylus (irin ṣóńṣó tí a fi ń tẹ àmì) àti bébà tó nípọn bíi ti kàlẹ́ńdà ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá lo bébà ìwé àjákọ lásán, kíá ni àmì orí rẹ̀ á tẹ́ lábẹ́ ìka.

Ibi tí olùkọ́ ti sábà máa ń ṣì í nìyí: ọwọ́ ọ̀tún la ti ń kọ ọ́ lọ sí òsì, torí ẹ̀yìn bébà ni àmì ti ń yọ. Ẹ ó wá yí bébà padà kí ẹ tó kà á láti òsì. Àyè àmì mẹ́fà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní: nígbà kíkà, 1 dé 3 wà lápá òsì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, 4 dé 6 wà lápá ọ̀tún. Àmì 1, tó wà lókè lápá òsì nígbà kíkà, apá ọ̀tún ló máa wà nígbà kíkọ. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ mọ a dé j; àmì mẹ́rin òkè nìkan ni wọ́n ń lò. K dé t kàn fi àmì 3 kún wọn ni. (U, v, x, y àti z fi àmì 3 àti 6 kún a dé e; w nìkan ló ya tirẹ̀ sọ́tọ̀: ará Faransé ni Louis Braille, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo w níbẹ̀.)

Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń wá ibi tí yóò ti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.

Kí olùkọ́ sì máa ka gbogbo ohun tó bá kọ sójú pátákó sókè ketekete.