Ẹ Bi Wá Nípa Ohun Ọ̀sìn: Iná Adìyẹ, Kúrúnà Ewúrẹ́ àti Lùkúlùkú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìyẹ mi ń sàba, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹyin sílẹ̀ lọ. Mo gbé e báyìí, nǹkan wínníwínní bo ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n fi kẹrosíìnì nù ún lára. — Òǹkàwé, Ìsẹ́yìn

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Kẹrosíìnì á bó o lára, ẹyin tó bá sì kàn lè bàjẹ́. Iná, ìyẹn kòkòrò ara adìyẹ, ló bò ó. Ẹ tú ìyẹ́ abẹ́ apá àti ti ìdí rẹ̀ wò, ibẹ̀ ló ń kó jọ sí.

Ẹ wá eérú igi, kì í ṣe eérú ọ̀rá. Kó tutù pátá, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ po agolo kan mọ́ agolo iyanrìn gbígbẹ méjì. Àwọn adìyẹ yòókù á máa yíra nínú rẹ̀. Èyí tó ń sàba kì í ráyè yíra, nítorí náà ẹ fọwọ́ bù ú sí i lábẹ́ apá àti nídìí nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Kó má wọ ojú àti imú rẹ̀ o. Ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa eérú náà, torí tó bá ti rin, ó ń jẹ ara.

Ìtẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Irú kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé òru ló ń jáde mu ẹ̀jẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́, á sá wọnú koríko ìtẹ́ àti ojú igi tó là. Ẹ sun koríko yẹn, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò. Kẹ́ ẹ wá gún kóró dóńgóyárò gbígbẹ, 50 gíráàmù sí omi lítà kan, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ má sè é, ooru ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fọ́n ọn sójú igi nírọ̀lẹ́, torí oòrùn náà ń bà á jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àti lẹ́yìn ọjọ́ 7 mìíràn. Ẹyin iná kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó bá pa lẹ́yìn ló ń dá wàhálà padà.

Ìbéèrè: Irun ewúrẹ́ mi ń re, etí àti imú rẹ̀ ti sé èépá. Ṣé kí n fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú pa á? — Òǹkàwé, Ṣakí

Ìdáhùn: Ó jọ kúrúnà. Òjé lè wà nínú ọ́ìlì tí wọ́n ti lò. Ewúrẹ́ á lá a, á sì di májèlé sí i nínú. Imí ọjọ́ ni kẹ́ ẹ rà: ṣíbí kan sí àdín ṣíbí mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ èépá kó rọ̀, kẹ́ ẹ yọ ọ́, torí abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò wà, òògùn kò lè dé ibẹ̀. Tí ara bá ti gbẹ, ẹ fi pa á, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ so ó lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín dáadáa, ó ń ran èèyàn. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́rẹ́ dókítà ẹran ló kù.

Ìbéèrè: Ewúro mélòó ló ń wo lùkúlùkú? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Kò sí iye tó ń wò ó. Àrùn adìyẹ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà ni lùkúlùkú, ewé kankan kì í pa fáírọ́ọ̀sì náà. Àjẹsára lùkúlùkú tí wọ́n ń pè ní I-2 ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran, ẹ̀kán kan sójú adìyẹ kọ̀ọ̀kan, lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ kí ọyẹ́ tó dé. Èyí tára rẹ̀ dá nìkan la ń kán an fún.